Omi Méjì Ló Ń Ya Wọ Kòsọ́fẹ́

Sí Kọmíṣánnà fún Ọ̀rọ̀ Àyíká àti Omi ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Sí ẹ̀yin Alága Kòsọ́fẹ́, Ìkòsí-Ìṣẹrì àti Àgbòyí-Kétu. Àti sí Ọ̀gá Àgbà àjọ Ogun-Osun River Basin Development Authority ní Abẹ́òkúta.



Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo ń kọ lẹ́tà yìí. Gọ́tà iwájú ọ̀pọ̀ ilé ní Kétu ti gbẹ, eruku ti bo títì, kò sì sí ẹni tó ń ronú kan omi àfi ẹni tó ń wá èyí tí yóò pọn sínú kẹ́ẹ̀gì. Àkókò báyìí gan-an ló yẹ kí á sọ̀rọ̀ òjò. Tí a bá dúró dìgbà tí òjò bá dé kí á tó la ẹnu, ìmọ̀ràn ti bọ́ lọ́wọ́ wa, ẹkún ló kù.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Omi méjì ló ń ya wọ Kòsọ́fẹ́. Ọ̀kan ń ti ojú ọ̀run bọ̀, èkejì ń ti òkè odò bọ̀. Èyí tó ń ti ojú ọ̀run bọ̀ ni ẹ ń múra dè. Èyí tó ń ti òkè odò bọ̀, ìkìlọ̀ la máa ń rí gbà lórí rẹ̀, ìkìlọ̀ kò sì lè gbé àpótí aṣọ ẹnikẹ́ni kúrò nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin ohun tó yẹ ní yíyìn. Àwọn òṣìṣẹ́ tí à ń pè ní EFAG, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkó ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí kúrò nínú gọ́tà, ṣọ́bìrì ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n a wọ inú omi dúdú tó mù wọ́n dé orúnkún, nígbà míì dé ìbàdí. Ẹni tó bá ti dúró nítòsí wọn nígbà tí òórùn yẹn tú sókè kò ní fojú di iṣẹ́ wọn láéláé. Òfin tí ìjọba ṣe ní oṣù Kìíní ọdún 2024 lórí ike oúnjẹ funfun tí wọ́n ń pè ní styrofoam dára, èyí tó sì tẹ̀lé e ní oṣù Keje ọdún 2025 lórí ọ̀rá àti ike tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo dára pẹ̀lú. Mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ó rọ̀ sílẹ̀, nítorí pé ohun tó máa ń kọ́kọ́ bá ṣọ́bìrì jáde nínú gọ́tà wa kì í ṣe iyanrìn.

Àmọ́ ẹ wo ibi tí ẹrẹ̀ tí wọ́n hú máa ń sùn. Wọ́n a kó o jáde, wọ́n a kó o jọ sétí gọ́tà kan náà, wọ́n a ní kó gbẹ kí tipa tó wá kó o. Ẹrẹ̀ tútù wúwo, ó sì máa ń dà sílẹ̀ lójú títì, ìdí tí wọ́n fi ń dúró kó gbẹ yé mi. Ṣùgbọ́n tipa máa ń pẹ́. Ọkọ̀ á tẹ̀ ẹ́, ọmọdé á ṣeré lórí rẹ̀, ìyá tó ń ta ata á tẹ́ pákó lé e, nítorí pé ibẹ̀ ni ààyè rẹ̀. Òjò ńlá kan ṣoṣo tó bá rọ̀, gbogbo rẹ̀ ti padà sínú gọ́tà, owó tí ìlú fi kó o jáde sì ti bá a wọlé. Tó bá jẹ́ pé ohun kan péré ni ẹ lè yí padà lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èyí: kí agbaṣẹ́ṣe kankan má ṣe gba owó iṣẹ́ gọ́tà tán títí ẹrẹ̀ yóò fi kúrò ní àdúgbò. Nígbà tí ẹ bá ń jábọ̀ iṣẹ́ fún ìlú, ẹ má ka bí gọ́tà tí wọ́n hú ṣe gùn tó fún wa. Iye tipa tó gbé ẹrẹ̀ dé ààtàn ni kí ẹ kà.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Omi tó rọ̀ sí Ìkòsí àti Kétu, ọ̀sà ló ń wá lọ. Bí ẹ bá hú gọ́tà òkè tó mọ́ tónítóní, tí kánáàlì ìsàlẹ̀ sì dí, ohun tí ẹ ṣe ni pé ẹ mú kí omi tètè dé ilé ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ ti ẹnu ọ̀sà bẹ̀rẹ̀, kó máa gòkè bọ̀. Ẹ̀yin fúnra yín ti ń ṣàlàyé fún wa pé nígbà tí òkun bá kún, ọ̀sà náà á ga, omi inú kánáàlì á dúró fún wákàtí díẹ̀ títí òkun yóò fi fà. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí omi fi nílò ibi tí yóò ti jókòó dúró, ibi náà sì ni àkùrọ̀ tí à ń kún ní iyanrìn lójoojúmọ́. Mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Títì pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Inú wa máa ń dùn nígbà tí wọ́n bá tún títì àdúgbò ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n sábà máa ń gbà ṣe é ni pé wọ́n á da yẹ̀ẹ̀pẹ̀ lé ti àtijọ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á wá fi ọ̀dà tàbí interlock bò ó. Títì á ga sí i, ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò sì lè ga. Àwọn ilé kan wà ní Kòsọ́fẹ́ lónìí tó jẹ́ pé ènìyàn gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kó tó wọ yàrá, bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́ wọn, ènìyàn ń gòkè wọ̀ wọ́n ni. Onílé á mọ ògiri kékeré sẹ́nu ọ̀nà láti fi dí omi, títì tuntun tí ìjọba fi owó ńlá ṣe á wá di ohun tó ń da omi sí i nílé. Kí ẹ tó fọwọ́ sí títì kankan, ẹ ní kí ẹ́ńjínnìà fi bí ilẹ̀kùn ilé méjèèjì tó wà lápá ọ̀tún àti òsì ṣe ga tó hàn yín nínú àwòrán. Bí títì bá ga ju ilẹ̀kùn lọ, ẹ dá àwòrán náà padà.

Mile 12 kò ṣeé fi sílẹ̀. Ọjà yìí ló ń bọ́ Èkó: tòmátò àti ata ń ti Òkè Ọya wọlé lóru, àlùbọ́sà inú àpò, iṣu orí ọkọ̀, koríko tí wọ́n tẹ́ sáàárín apẹ̀rẹ̀ kí ẹrù má baà fọ́. Ohun tó bá jẹrà nínú wọn kì í dúró dọ̀la. Ní ọdún 2024 ìjọba ti ọjà Mile 12 àti Owódé Onírin pa nítorí ìdọ̀tí. Mi ò ní sọ pé ìjọba kò ní ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti ọjà oúnjẹ pa, tòmátò tó ti wà lọ́nà láti Kánò kò ní padà sílé, ó máa jẹrà níbi tó bá bá ìròyìn pàdé ni. Ọjà tó ń ṣòwò lóru nílò ọkọ̀ ìdọ̀tí tó ń ṣiṣẹ́ lóru, tó máa kó tán kí bọ́ọ̀sì BRT àkọ́kọ́ tó gbéra láàárọ̀. Ó nílò ilẹ̀ kékeré kan nítòsí, níbi tí èso tó jẹrà àti koríko yóò ti di ajílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ ẹ̀fọ́ tó wà létí odò. Ohun tí à ń dà sí gọ́tà, oko kan ń wá a kiri ní ìtòsí wa níbí.

Mo wá dé orí omi kejì.

Odò Ògùn ti ìtòsí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ní Òkè-Ògùn ṣẹ̀ wá, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó rìn tó nǹkan bíi 480 kìlómítà kó tó gba Ìṣẹrì, kó gba ẹ̀yìn Mile 12, kó sì gba ọ̀dọ̀ àwọn ará Àgbòyí bọ́ sínú ọ̀sà. Ìtàn Àwórì sọ pé òun ni Ọlọ́fin Ògúnfúnminíre tọ̀ dé Ìṣẹrì, tó ń tẹ̀lé àwo tó ń léfòó lójú omi. A ṣì ń mu ún títí dòní, torí omi rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ omi Adíyàn ń fà fún Èkó. A kò bá odò jà o.

Ọ̀yán jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn odò tó ń ṣàn sínú rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ dí i, Ààrẹ Shehu Shagari sì ṣí dáàmù náà ní oṣù Kẹta ọdún 1983. Adágún ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ tó 40 kìlómítà onígun mẹ́rin, ó sì lè gba omi tó tó 270 mílíọ̀nù kúbíìkì mítà. Wọ́n ṣe é kí Abẹ́òkúta àti Èkó lè rí omi mu, kí àgbẹ̀ lè fi bomi rin 3,000 hẹ́kítà oko, kí ó sì tún mú iná mẹ́gáwáàtì 9 wá. Ọ̀pọ̀ ọdún ló kọjá tí ẹ̀rọ iná yẹn kò fi yí.

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní àkọ́rọ̀, adágún náà á máa kún. Tó bá fi máa di oṣù Kẹsàn-án, ó ti ń sún mọ́ ẹnu, òjò àrọ̀kúrò sì wà lẹ́yìn. Ẹ̀yin àjọ Ogun-Osun tí ẹ ń bójú tó dáàmù náà gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Lórí èyí, mi ò bá yín jiyàn. Gbogbo wa la rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Maiduguri ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 nígbà tí dáàmù Alau já, tí omi gba ìlú ńlá kan. Ẹni tó bá ní kí ẹ ti ilẹ̀kùn Ọ̀yán pa kò fẹ́ràn Abẹ́òkúta, kò sì fẹ́ràn Kòsọ́fẹ́. Bí ẹ ṣe ń ṣí i àti ìgbà tí ẹ ń ṣí i ni mo ń bẹ̀ yín lé lórí.

Tí ẹ bá ń tú omi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti oṣù Keje, odò lè gbé e lọ láì kúrò ní bèbè rẹ̀. Tí ẹ bá pa á mọ́ títí òpin oṣù Kẹsàn-án, kí ẹ tó wá tú u, orí ọ̀sà tó ti kún ló máa bọ́ sí, ilẹ̀ tó sì ti mu omi yó ló máa bá nílẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà nira fún yín: omi tí ẹ bá tú ní oṣù Keje, ẹ lè wá a tì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí Abẹ́òkúta àti Èkó bá ń wá èyí tí wọn yóò mu. Síbẹ̀, àjọ ojú ọjọ́ NiMet máa ń sọ bí òjò ọdún yóò ṣe rí kó tó bẹ̀rẹ̀, àjọ NIHSA náà sì máa ń sọ ibi tí omi lè ya dé. Pẹ̀lú ohun méjèèjì yìí lọ́wọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ kọ ètò ìlẹ̀kùn Ọ̀yán sílẹ̀ kí oṣù Kẹfà tó dé, kí ẹ sì fi han gbogbo ìlú. A kò béèrè pé kó má yẹ̀. A fẹ́ mọ ohun tí ẹ gbèrò, kí á lè mọ̀ nígbà tó bá yí padà.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010 ni Èkó fojú rí ohun tí omi yìí lè ṣe ní kíkún. Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú rì, ọkọ̀ ojú omi ń rìn láàárín ilé, ìjọba sì kó àwọn tí omi lé kúrò lọ sí ibùdó ní Àgbọ́wà. Láti ìgbà náà, ọdún tí kò bá dé, a dúpẹ́. Ọdún tó bá dé, ohun tó ń ba ènìyàn lọ́kàn jẹ́ jù ni pé kì í bá òjò rìn. Oòrùn lè máa ràn ní Ajégúnlẹ̀, kí aṣọ gbẹ lórí okùn, kí omi sì máa gun àtẹ̀gùn ilé bọ̀. Àgbàrá òjò máa ń dé lálẹ́, ó sì lè fà láàárọ̀. Omi odò yìí máa ń jókòó ni, ó lè lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣáláńgá á kún, kànga á bàjẹ́, ẹ̀rù onígbáméjì á dé. Oṣù Kẹsàn-án tí àwọn ọmọ wa ń wọlé ìwé ni oṣù tí odò ń wọlé bá wa.

Ẹ wá wo bí iṣẹ́ wa ṣe rí. Láti oṣù Kẹta sí oṣù Kẹfà, a ń gbọ́ ariwo katakata. Tó bá di oṣù Kẹjọ, òjò á dá díẹ̀, ọkàn gbogbo wa á balẹ̀, a ó ní ọdún yìí ti gbè wá. Oṣù Kẹjọ yẹn ló yẹ kí iṣẹ́ kejì gbéra ní Ajégúnlẹ̀, Agílítì, Máídán, Owódé Onírin àti Ìṣẹrì: kí wọ́n tún ẹnu kánáàlì tó ń bọ́ sódò ṣí, kí wọ́n yẹ kọ́fáàtì wò, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ iná iléèwé àti ti ilé ìwòsàn kéékèèké sókè, kí ọkọ̀ ojú omi wà ní ìmúrasílẹ̀. Àwọn ará Àgbòyí ti ń gbé lórí omi ọjọ́ ti pẹ́, ọkọ̀ ni wọ́n ń wọ̀ lọ sí ọjà àti ilé ìwòsàn. Ẹ pè wọ́n kí wọ́n kọ́ wa.

Ní ti ìkìlọ̀, a mọ orúkọ tí wọ́n máa ń kà sórí: Kétu, Àlápẹ́rẹ̀, Owódé Onírin, Ajégúnlẹ̀, Ìṣẹrì, Mile 12. Wọ́n á ní kí ẹni tó wà ní bèbè odò kó lọ sí ibi tó ga. Yorùbá ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ̀yin ọ̀gá wa, arọ náà gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ tí ogun ń bọ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tó máa gbà. Ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ gbé e, kó sì ti mọ ilé tí wọ́n máa gbé e lọ. Ta ni ayálégbé tó san owó ọdún kan sílẹ̀ ní Agílítì mọ̀ níbi tó ga? Ibi tó ga ní Èkó yìí, olówó ni ń gbébẹ̀. Ẹ ya iléèwé tàbí gbọ̀ngàn kan sọ́tọ̀ ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri mọ́sálásí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ibùdókọ̀ BRT ní Mile 12. Ẹ ri òpó sí etí odò ní Ajégúnlẹ̀ àti ní Ìṣẹrì, kí ẹ fi ọ̀dà pupa, ọ̀dà òfeefèé àti ọ̀dà àwọ̀ ewé kùn ún. Nígbà tí Abẹ́òkúta bá ṣílẹ̀kùn, kí rédíò sọ ọ́ ní Yorùbá àti ní Hausa pé omi yóò dé ibi ọ̀dà báyìí, kí ó sì sọ ọjọ́ tí wọ́n rò pé yóò dé. Iye kúbíìkì mítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan kò yé ìyá tó ń ta àlùbọ́sà. Ọ̀dà pupa yóò yé e.

Mo ṣèlérí pé mo ń bọ̀ lórí àkùrọ̀. Ilẹ̀ tó tẹ́jú láti Ìṣẹrì dé ẹ̀yìn Mile 12 ni odò máa ń sá sí nígbà tó bá kún. Àwọn tálákà ti kọ́lé síbẹ̀, òtítọ́ ni, àwọn olówó náà sì ti kún un ní iyanrìn, wọ́n mọ odi yí i ká, wọ́n pè é ní ẹ́sítéètì. Nígbà tí ẹ bá mú ìwé ìwólé dé, a kì í sábà rí katakata yín lẹ́nu ọ̀nà ẹ́sítéètì. Omi tí iyanrìn olówó lé kúrò níbẹ̀, ilé Ajégúnlẹ̀ ló ń wọ̀. Ẹ gbé àwòrán ilẹ̀ náà jáde, kí ẹ fa ìlà sí i, kí ẹ sọ fún wa pé láti ibi ìlà yìí lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ da iyanrìn mọ́, ì báà ní ìwé àṣẹ, ì báà má ní.

Ẹ wo bí ìlú mìíràn ṣe ń múra sílẹ̀. Àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní Chicago, yìnyín ni òjò tiwọn. Ìlú náà kì í dúró de yìnyín kó tó wá iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì, wọ́n ti máa ń kó o jọ sílẹ̀. Láti ọdún 2012, ará ìlú lè wo íntánẹ́ẹ̀tì kó rí ibi tí ọkọ̀ tó ń kó yìnyín dé. Ìyà ló kọ́ wọn. Ní oṣù Kìíní ọdún 1979 yìnyín bo ìlú náà mọ́lẹ̀, títì dí, ọkọ̀ ojú irin kò rìn dáadáa, ìlú kò sì rí ìrànwọ́ bó ṣe yẹ. Ní oṣù Kejì, Jane Byrne na mayor tó wà lórí oyè, Michael Bilandic, nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ wọn. Àwọn tó dìbò náà rántí títì tó dí.

Ẹ̀yin alága tí a dìbò yàn ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2025, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ìwé òfin ọdún 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, ka títì àdúgbò, gọ́tà àti ìdọ̀tí mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Mo mọ̀ pé ìwé òfin kò dárúkọ LCDA, ìyẹn ìjọba àgbègbè bíi Ìkòsí-Ìṣẹrì àti Àgbòyí-Kétu, àríyànjiyàn sì ń bẹ lórí bí wọn yóò ṣe rí tiwọn gbà. Ṣùgbọ́n gọ́tà kò mọ ààlà. Omi tó kúrò ní Ìkòsí lè wọ Àgbòyí-Kétu kí ọjọ́ tó ṣú. Ẹ pa owó gọ́tà pọ̀, ẹ̀yin mẹ́ta, kí ẹ lẹ ìwé mọ́ ògiri ọ́fíìsì yín: gọ́tà wo, ta ló gba iṣẹ́ rẹ̀, èló ni, ọjọ́ wo ni yóò parí, tipa mélòó ló kó ẹrẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ìpàdé kan péré ni mo wá ń bẹ̀ yín fún báyìí. Kí àkọ́rọ̀ tó dé, kí aṣojú dáàmù ti Abẹ́òkúta wá, kí ti iléeṣẹ́ àyíká ti Alausa wá, kí ẹ̀yin alága mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jókòó pẹ̀lú wọn ní gbangba ní Kétu. Ẹ pe àwọn ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà Mile 12, ẹ pe àwọn olórí àdúgbò Ajégúnlẹ̀ àti Agílítì, ẹ pe àwọn ọ̀gá iléèwé, ẹ pe àwọn awakọ̀ ojú omi Àgbòyí. Kí àjọ Ogun-Osun ka ètò ìlẹ̀kùn Ọ̀yán sí wa létí, kí á béèrè ohun tí kò yé wa, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Tí ẹ bá ti mú ọjọ́ àti gbọ̀ngàn, ẹ kéde rẹ̀ lórí rédíò. A ó gbé àga wá fúnra wa.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Kétu kan.